Ẹ́ńjìnnì Tó Kú Ní Ọjọ́ Kọkàndínlógún

Wọ́n fa bọ́ọ̀sì náà wọ ọgbà wa ní nǹkan bí aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Kí n tó rí i ni mo ti ń gbọ́ ohùn obìnrin: "Ẹni tó pa á ni kó jí i!" Ìyá oníbọ́ọ̀sì ni. Ọ̀gá tó tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe kò tíì fọ ẹnu rẹ̀ tán, pákò ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó kàn ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń tú okùn.

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìbàdàn ló ti ṣẹlẹ̀, nínú ọgbà mẹkáníìkì tí èmi náà ti ń jẹun. Àwa mẹ́ta la máa ń jókòó sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀: alága wa, bàbá kan tó fi gbogbo ayé rẹ̀ bọ́ọ̀ bọ́lọ́ọ̀kù, ìyẹn ni pé ó ń gbẹ́ ihò ara ẹ́ńjìnnì fẹ̀ sí i, kí ojú tó ń dùn ún, àti èmi. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀ ni pé nínú gbogbo ẹjọ́ ẹ́ńjìnnì tí mo ti bá wọn dá sí, òun nìkan ni gbogbo wa ti rí ohun kan náà, tí a gbà pé ohun tí a rí nìyẹn, síbẹ̀ tí ẹnu wa kò kò lórí ẹni tó jẹ̀bi.

Toyota Hiace ni bọ́ọ̀sì náà, ẹ́ńjìnnì 2RZ, oní sílíńdà mẹ́rin, lítà 2.4. Ìwó Road sí Ojota ló ń ná. Owó ìfẹ̀yìntì ni ìyá yìí, tíṣà àná, fi rà á; dírẹ́bà ń wà á, ó ń dá owó fún un ní alaalẹ́. Nígbà tó yá, bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín búlúù, gáàlì ọ́ìlì kan kò sì to ọ̀sẹ̀ kan fún un mọ́. Ọ̀gá mẹkáníìkì tí wọ́n ti ń bá bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ní ríìngì, òrùka tó yí písítìnì ká, ti jẹ, kí wọ́n jẹ́ kí òun tú u palẹ̀. Wọ́n gbà. Wọ́n bọ́ọ̀ bọ́lọ́ọ̀kù, wọ́n fi písítìnì 0.50 sí i, èyí tó fi ìdajì mílímítà tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n lọ kíránkì, ọ̀pá tí písítìnì ń yí, sí 0.25, wọ́n ra bẹ́árìn, ìyẹn àwẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kíránkì ń yí nínú rẹ̀, ríìngì àti gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ní Àràròmí, ní Àgódi Gate. Ọmọ ìyá náà bá ọ̀gá lọ sọ́jà, ó sì kó gbogbo rìsíìtì pamọ́. Pẹ̀lú ọwọ́ iṣẹ́, ₦640,000 ló tán síbẹ̀.

Rìsíìtì ọjà yẹn ni ìwé kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá ń kó kọ́kọ́rọ́ lé dírẹ́bà lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tó sọ ni pé, "Ẹ rọra máa sá a o." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sọ fún un ìgbà tí wọ́n máa da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé bí ohunkóhun bá ń kán, kí ó má jẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíì kàn án. Ẹ́ńjìnnì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ọ̀, ó yẹ kí ọ́ìlì àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde láàárín kìlómítà 1,000. Ọ̀nà Márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 127. Bí bọ́ọ̀sì bá lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ọjọ́ kẹrin ni 1,000 pé. Ọjọ́ kọkàndínlógún ni èyí kú, ọ́ìlì tí wọ́n fi jí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ṣì wà nínú rẹ̀.

Ohun tí dírẹ́bà kọ́kọ́ rò fún wa kúrú. Ó ń bọ̀ láti Èkó lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú un ní Mọ̀wé. Iná ọ́ìlì ń tàn fìrí lórí dáṣíbọ́ọ̀dù bí mọ́tò bá dúró, bó bá tẹ iná mọ́ ọn, iná yẹn á kú. Ó ní bọ́yá wáyà ni. Nígbà tí yóò fi dé Ògèrè, ẹ́ńjìnnì ti ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀ bí ẹni ń fi òòlù kan ilẹ̀kùn. Ó pa á, ó sùn síbẹ̀ mọ́jú.

Ọ̀gá gbọ́, ó ní, "Ó ti sá a láìsí ọ́ìlì nínú." Ọmọ ìyá gbọ́, ó ní, "Bẹ́árìn fàyàwọ́ lẹ fi síbẹ̀." Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn.

Ọ̀gá fẹ́ tú u lójú ẹsẹ̀, kó fi han wọ́n. Ọmọ ìyá ní irọ́ ni, pé tí òun bá yí ẹ̀yìn padà, wọ́n á pààrọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìjà fẹ́ bẹ́. Kí á tó mọ̀, ó ti lọ kó ọlọ́pàá wá, ọ̀gá sì wà lẹ́yìn káńtà láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú, kí alága wa tó lọ gbà á sílẹ̀. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọ́dọ̀ tìtorí àdéhùn tó bàjẹ́ láàárín ènìyàn méjì mú ẹnikẹ́ni. Alága sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ọmọ ìyá náà kò gbẹ́yìn, òfin tiẹ̀ wà lórí fóònù: òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018, tó fún ẹni tó sanwó iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́ tó jọjú. Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ tí ọ̀gá lò lẹ́yìn káńtà yẹn ba nǹkan jẹ́ ju ẹ́ńjìnnì lọ. Títí di ìparí, kò pe ọmọ náà lórúkọ mọ́. "Ẹni yẹn" ló ń pè é.

Ohun kan ṣoṣo tí a ṣe dáadáa lọ́jọ́ yẹn ni pé a kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sípánà kan bọ́ọ̀sì náà. Bàbá abọ́ọ̀-bọ́lọ́ọ̀kù ló mú ọ̀dà funfun, ó tọ́ ọ sórí nọ́ọ̀tì kátà mélòó kan, ìyẹn àwo tí ọ́ìlì ń dúró sí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, àti sí ara fílítà, ọmọ ìyá sì ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò. A fi ọjọ́bọ̀ dá a: ọ̀gá yóò wà níbẹ̀, ìyá àti ọmọ rẹ̀ yóò wà níbẹ̀, dírẹ́bà yóò wà níbẹ̀, ẹni tó bọ́ọ̀ bọ́lọ́ọ̀kù náà yóò wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá wá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sílẹ̀ nílé.

Lọ́jọ́bọ̀, nǹkan àkọ́kọ́ tí a fà yọ ni ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì. Mo nù ún, mo tì í wọlé, mo tún fà á jáde. Ọ́ìlì wà láàárín àmì méjèèjì, ó tilẹ̀ sún mọ́ tòkè. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá, pé wọ́n sá a láìsí ọ́ìlì, kú níbẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

A da ọ́ìlì sínú abọ́ tí a tẹ́ aṣọ funfun sí. Ó dúdú, ó sì ń dán yinrin-yinrin bí ìgbà tí ènìyàn pò ọ̀dà wúrà mọ́ ọn. Mo fi òòfà rọ́ inú aṣọ náà yíká. Òòfà jáde ní mímọ́. Àwọn tó ń wòran kò ka ìyẹn sí, ṣùgbọ́n ẹni tó bọ́ọ̀ bọ́lọ́ọ̀kù mí kanlẹ̀, nítorí irin ni bọ́lọ́ọ̀kù. Ká ní wọn kò fọ ìyẹ̀fun bọ́rìn kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó tò ó ni, òòfà ì bá gbé e jáde. Ìpẹ́pẹ́ ojú bẹ́árìn ni òòfà kì í gbé, nítorí bàbà àti àwọn irin rírọ̀ ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀. A fi ayùn irin gé fílítà, a tú bébà inú rẹ̀ gbalaja. Ìpẹ́pẹ́ aláwọ̀ bàbà ló kún ibẹ̀. Bẹ́árìn ló tú. Ohun tó tú u ni a ṣì ń wá.

Ọmọ iṣẹ́ kan sùn sábẹ́ mọ́tò, ó tú kátà, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo sọ fún un pé kó tú asẹ́ ọ́ìlì pọ́ǹpù náà wá, kó má nù ún. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Gọ́ọ̀mù ló dí i. Gọ́ọ̀mù pupa, èyí tí wọ́n fi ń lẹ kátà, ó rọ̀ bíi jẹ́lì lójú kan, ó le bí rọ́bà lójú kejì, ó ká ara rẹ̀ bí aràn mọ́ ojú asẹ́. Ojú asẹ́ tí mo lè fi ìmọ́lẹ̀ rí òdìkejì rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọ́ìlì kún inú kátà, pọ́ǹpù kò rí i fà. Ìdí nìyẹn tí iná fi ń tàn nígbà tí mọ́tò dúró ní Mọ̀wé, tó sì ń kú bí dírẹ́bà bá tẹ iná mọ́ ọn: pọ́ǹpù tó ń yí kíákíá ń fi ipá fa díẹ̀. Iná yẹn kì í tètè sọ̀rọ̀. Agbára ọ́ìlì gbọ́dọ̀ ti wálẹ̀ gan-an kó tó tàn, ẹni tó bá rí i tó ṣì ń lọ, ó ń lọ sí ilé mẹkáníìkì ni.

"Ṣé ẹ rí i?" Ọmọ ìyá ti dìde. "Ṣé ẹ rí gọ́ọ̀mù tiyín, Ọ̀gá?"

Ọ̀gá kò dáhùn. Mo rò pé ó ti gbà pé òun jẹ̀bi. Ó gba asẹ́ náà lọ́wọ́ mi, ó yí i, ó tún yí i, ó wá wọ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó mú túùbù kan tí wọ́n ti fún dé ìdajì jáde. Ó fún díẹ̀ sórí ìka rẹ̀, ó nà án sí wa. Eérú ni àwọ̀ rẹ̀. Ó fi ìka yẹn tọ́ka sí ìdérí iwájú ẹ́ńjìnnì, níbi tí gọ́ọ̀mù ti yọ díẹ̀ létí: eérú. Ó tọ́ka sí ìdérí òkè: eérú. "Ìgbà wo ni mo lo pupa?"

A yí kátà dojú kọ oòrùn. Nísàlẹ̀ pátápátá létí rẹ̀, gọ́ọ̀mù aláwọ̀ eérú wà tí wọ́n ha díẹ̀díẹ̀. Pupa wà lórí rẹ̀, ó nípọn bí ìka ọwọ́ kékeré, èyí tó fún sí ìta dà bí etí ìró, èyí tó fún sínú ti já lọ. Ẹnìkan ti sọ kátà yìí kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ rẹ̀, gbogbo ojú yí sí dírẹ́bà.

Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n fún òun lómi. Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀ síwájú ìyá. "Màmá, ẹ má bínú. Wọn kò ní jẹ́ kí n gbé èrò tí wọ́n bá rí i pé ó ń kán." Ní ọjọ́ kọkànlá, ní Ojota, ó rí i pé ọ́ìlì ń kán lábẹ́ bọ́ọ̀sì. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà ní iṣẹ́ kékeré ni, ₦5,000. Ó sọ kátà, ó fún gọ́ọ̀mù sí i yíká, ó dè é padà, ó da ọ́ìlì àná náà padà sínú rẹ̀, ó ní kó máa lọ. Kò tó wákàtí kan. Gọ́ọ̀mù yẹn ń fẹ́ nǹkan bí ọjọ́ kan kó tó gbẹ délẹ̀. Èyí kò rí ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kí ọ́ìlì gbígbóná tó bò ó.

Inú ọ̀gá dùn débi pé ó fẹ́ jó. "Ọlọ́run kò sùn! Ẹ bá mi pe ẹni yẹn wá kó wá bẹ̀ mí!" Alága ti ń mú bírò láti kọ ìdájọ́. Ní ti òdodo, èmi náà ti rò pé ó parí. Bàbá abọ́ọ̀-bọ́lọ́ọ̀kù ni kò kúrò nídìí kátà. Ó fi àtàńpàkò rìn létí rẹ̀ yíká bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Ó wá béèrè láìgbójú sókè: "Kí ló ń kán ní ọjọ́ kọkànlá?"

A wò ó. Etí kátà ti wọ́ ní ibi ihò nọ́ọ̀tì méjì, ó rì sínú bí ibi tí wọ́n fún nọ́ọ̀tì ju bó ṣe yẹ lọ. Lábẹ́ gọ́ọ̀mù aláwọ̀ eérú, gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí wọn kò ha tán ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, dúdú, pẹ̀lú ọ̀rá. Ẹni tó bá lẹ gọ́ọ̀mù mọ́ orí ọ̀rá, afẹ́fẹ́ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́. Alága bi ọ̀gá ẹni tó de kátà. Ó ní òun ni. Ọmọ iṣẹ́ tó wà lábẹ́ mọ́tò sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀, kò mọ̀ pé òun ń ba nǹkan jẹ́: "Ọ̀gá, ọjọ́ Sátidé tí ẹ lọ sóde ìyàwó ni. Èmi ni mo dè é." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Dírẹ́bà wá rántí nǹkan. Ó ní òun pe ọ̀gá ní Ojota kí òun tó fà á lé ọmọ yẹn lọ́wọ́. Ọ̀gá ní irọ́ ni. Dírẹ́bà mú fóònù jáde, ó ń wá a lọ sẹ́yìn, ó rí i: ìpè kan ní ọjọ́ kọkànlá, ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. "Ẹ ní kò sí nǹkan kan, pé kí n máa fi ọ́ìlì lé e títí n ó fi rí àyè wá." Ọ̀gá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ó jọ pé a sọ nǹkan bẹ́ẹ̀."

A parí iṣẹ́ ojú náà kí a tó jókòó. Bẹ́árìn kọnrọ́ọ̀dù kẹta, ìyẹn apá irin tó so písítìnì mọ́ kíránkì, ti yí nínú ilé rẹ̀, kọnrọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ti di búlúù nítorí ooru. Àwọn mẹ́ta yòókù, bàbà ti yọ lójú wọn. Ti mẹ́ìnì, àwọn tó gbé kíránkì fúnra rẹ̀ dúró, ha díẹ̀, kò bàjẹ́. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn bí ọ́ìlì bá wọ́n: ọ̀dọ̀ mẹ́ìnì ló ti ń kọ́kọ́ kọjá, ojú ihò inú kíránkì ló gbà dé ti kọnrọ́ọ̀dù, ẹni tó wà ní ìparí ìlà ni ebi kọ́kọ́ ń pa. A yí àwẹ́ bẹ́árìn kọ̀ọ̀kan padà níwájú ọmọ ìyá: 0.25 ni wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn gbogbo wọn. A fi máíkírómítà wọn ojú kíránkì tí kò tíì bàjẹ́, ó bá a mu. Ọmọ náà ka nọ́ńbà yẹn fúnra rẹ̀, ó ní, "Ó dáa, mo gbà." Mo bọ̀wọ̀ fún un lójú yẹn.

Ìdájọ́ gba wákàtí méjì. Alága àti bàbá abọ́ọ̀-bọ́lọ́ọ̀kù ní ọwọ́ tó fi gọ́ọ̀mù pupa síbẹ̀ ló pa ẹ́ńjìnnì, dírẹ́bà ló sì gbé e lé ọwọ́ yẹn, dírẹ́bà sì jẹ́ ti ìyá. Nítorí náà, ọ̀gá yóò tún un tò láìgba owó iṣẹ́, yóò sì sanwó lílọ kíránkì sí 0.50, ìyá yóò ra bẹ́árìn, kọnrọ́ọ̀dù kan, gásíkẹ́ẹ̀tì àti ọ́ìlì, yóò sì máa gba ìdajì rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ dírẹ́bà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, mo sì sọ ọ́. Lójú mi, ọ̀gá ló yẹ kó ra bẹ́árìn náà. Bó bá ṣe pé ó sọ lórí fóònù pé, "Má wà á mọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ọmọ iṣẹ́ mi ń bọ̀," ọmọ Ojota kì bá tí rí kátà yẹn. Méjì ju ẹyọ kan lọ. Tiwọn ló dúró.

Ọ̀gá ní òun gbà, ṣùgbọ́n ta ni yóò san wákàtí tí òun lò lẹ́yìn káńtà? Kò sí ìyẹn nínú agbára wa. Ìyá náà ló dìde, ó lọ ra omi tútù lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó gbà á. Kò mu ún lójú ibẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, nǹkan tí èmi fi mú lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi kò pọ̀. Mo kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé ẹ́ńjìnnì tó bá padà wá kò gbọ́dọ̀ rí sípánà títí gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn yóò fi pé, nítorí bí ọ̀gá bá ti dá a tú ní òru ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, kò sẹ́ni tí ìbá gbà gbọ́ pé pupa ni gọ́ọ̀mù náà. Mo máa ń tọ́ ọ̀dà sórí nọ́ọ̀tì kátà, ti fílítà àti ti ìdérí òkè kí mọ́tò tó jáde. Bí ọ̀dà bá já, mo mọ̀ pé ọwọ́ kan ti dé ibẹ̀. Bí mo bá lo gọ́ọ̀mù, mo máa ń fún un tẹ́ẹ́rẹ́ lórí irin gbígbẹ, mo sì ń jẹ́ kó sùn mọ́jú kí ọ́ìlì tó wọlé, bí oníbàárà tilẹ̀ ń kánjú bí iná. Mo tún kọ kìlómítà tí wọ́n máa da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí ojú dírẹ́bà yóò ti máa ká a.

Ọ̀gá náà ra ìwé ńlá kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ohun tó bá ṣe ló ń kọ síbẹ̀: bí bẹ́árìn ṣe tó, àwọ̀ gọ́ọ̀mù, orúkọ ẹni tó de kátà. Oníbàárà yóò sì buwọ́ lù ú kó tó gba kọ́kọ́rọ́. Oníbàárà àkọ́kọ́ tó na bírò sí, bàbá àgbàlagbà kan tó ní Camry, gba ìwé náà, ó kà á lókè, ó kà á nísàlẹ̀, ó wá dá bírò padà fún un. "Ọ̀gá," ó ní, "ẹ́ńjìnnì ni mo ní kí ẹ bá mi ṣe. Ṣé ilẹ̀ mi lẹ fẹ́ gbà ni?"